Ibà Tó Bá Mi Wọ Ìgàndò

Ọjọ́ kọkànlá tí mo dé Ìgàndò l'Ékòó ni mo mọ̀ pé nǹkan ti yí nínú ara mi. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ Faransé sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ mi láti ìpàkọ́ wá síwájú, tí òtútù sì mú mi nínú oòrùn ọ̀sán. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn kì í ṣe ibà. Mo ní, wọ́n ti rí mi mú.

Ọmọ Kétu ni mí, Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ló rán mi wá sí Nàìjíríà láti fi ọdún kan kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé lọ́fẹ̀ẹ́. Yorùbá kan náà ni a jọ ń sọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ fún mi nípa èrò Èkó ló bá mi kọjá bọ́dà. Ìyá mi ní n kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ààfáà wa, ààfáà kọ ẹsẹ Kùránì sára wàláà, pátákó ìkéwú rẹ̀, ó fi omi fọ̀ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ó di hàntú. Ife kan láràárọ̀, kò ní sí ìkà tí yóò ràn mí. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n gbéra ni mo ti ń mu ún, mo sì gbé kẹ́ẹ̀gì náà dání wá.

Ìyá Káfáyà, aránṣọ ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbà mí sílé. Wọ́n fún mi ní yàrá ọmọ wọn tó ti lọ ilé ọkọ, wọn ò sì gba nǹkan kan. Ta ló ń fúnni ní yàrá lásán l'Ékòó? Mo máa ń fi àga ti ilẹ̀kùn kí n tó sùn. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, màá kúnlẹ̀, màá dúpẹ́, màá wá gbé e gba ẹ̀yìnkùlé lọ dà fún adìyẹ, màá sì dúró wò ó bóyá yóò ṣubú. Kò ṣubú rí. Ńṣe ló ń sanra. Èmi ń jẹ búrẹ́dì àti bisikíìtì tí mo fọwọ́ ara mi rà.

Ibà náà kò jọ ibà ẹ̀fọn tí mo mọ̀. Ibà ẹ̀fọn a máa wá, a sì máa lọ. Èyí ń gòkè díẹ̀díẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á tún ga ju tàná lọ. N kò lè yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ló di ìgbẹ́ gbuuru. Inú ń dùn mí, ahọ́n mi funfun, oúnjẹ ń rùn sí mi. Bí ó ṣe ń le sí i ni mò ń fi kún hàntú: ife kan di méjì, méjì di mẹ́ta.

Ìyá Káfáyà kanlẹ̀kùn. "Sàlámátù, ṣílẹ̀kùn jàre. Ọjọ́ kejì rèé tó ò jáde."

"Mò ń sùn ni, Ìyá."

Mo rò pé wọ́n wá wò ó bóyá ohun tí wọ́n ṣe ti jẹ́ ni. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ti ilẹ̀kùn náà tàgatàga wọlé, wọ́n gbé mi sáàárín ara wọn àti ọlọ́kadà. Lórí ọ̀kadà yẹn, mò ń wo ọ̀nà kí n lè mọ ibi tí màá sá gbà.

Àárọ̀ títí di ọ̀sán ni a fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù. Wọ́n gbé orí mi lé itan wọn, mo sì mú ọrùn le. Nígbà tó kàn wá, dókítà obìnrin kan ló dá wa lóhùn. Ìyá Káfáyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí mo fi sọ ọ́.

"Dókítà, wọ́n ti fún mi ní nǹkan jẹ nílé tí mò ń gbé."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Kí lẹ jẹ níbẹ̀?"

"N ò tíì jẹ nǹkan kan níbẹ̀."

"Omi wọn ńkọ́?"

"N ò mu ún."

"Kí wá lẹ ń mu?"

Mo sọ ti hàntú. Ó béèrè ibi tí wọ́n ti pọn omi rẹ̀. Mo ní kànga ilé wa ni. Ó béèrè ibi tí ṣáláńgá wà. Mo ní ẹ̀yìn kànga náà ni, kò sì sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún mi mọ́. Ìyá Káfáyà ń wo ilẹ̀.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi fún àyẹ̀wò. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní táífọ́ọ̀dù. Kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń gba inú ìgbẹ́ bọ́ sómi, tó ń gba omi wọ ìfun. Tí a bá fi falẹ̀, ó lè dá ìfun lu. Dókítà ní òun ò lè búra pé omi yẹn ni, ṣùgbọ́n kí n tètè pe ilé. Fóònù Ìyá Káfáyà ni mo fi pè.

"Màámi, ẹ má mu omi kànga yẹn mọ́."

Ìyá mi ní, "Àbúrò rẹ náà ń gbóná láti ìjẹta. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bu hàntú fún un ni."

Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà, n kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e lọ ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì gbé e lọ. Orí bá a ṣe é, ó yè. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, n kò bá ọ̀rọ̀ Ọlọ́run jà. Ẹ ṣáà se omi kẹ́ ẹ tó fi fọ wàláà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú omi tí wọ́n ń fà sí mi lára àti abẹ́rẹ́. Láràárọ̀ ni Ìyá Káfáyà ń gbé ògì wá. Wọ́n á dà díẹ̀ sínú ìdérí, wọ́n á mu ún lójú mi, wọ́n á nu ẹnu, kí wọ́n tó gbé ife lé mi lọ́wọ́. Wọn ò bú mi. Ìtìjú yẹn dùn mí ju abẹ́rẹ́ lọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n foríjì mí.

"Mu ún kó o lágbára, ọmọ mi," ni wọ́n wí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi tó fara dà á fún mi títí mo fi gbọ́n. Ó ku ọjọ́ kan kí wọ́n dá mi sílẹ̀, Ìyá Káfáyà wọlé, wọ́n ń ráhùn nípa oníbàárà kan tó ní bùbá òun fún òun jù, wọ́n gbé ife ògì lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Wọ́n ti gbàgbé láti tọ́ ọ wò. N kò rán wọn létí. Mo mu ún tán.