Ọjọ́ Tí N Kò Kọ Sínú Ìbéèrè

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, èmi àti ọmọbìnrin àbúrò mi parí ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ó ń sọ fún àwọn ará abúlé ìyá mi bóyá omi kànga wọn ṣeé mu. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni abúlé náà wà, kò jìnnà sí Itagunmodi. Góòlù ni wọ́n ń wa níbẹ̀, kòtò góòlù sì ti sún mọ́ ibi tí àwọn obìnrin ti ń pọn omi. Iṣẹ́ gidi ni a ṣe, mo sì ń fi í yangàn títí di òní. Ohun tí n kì í sáábà sọ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí a kọ́kọ́ lò ó.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì nígbà náà, Òṣogbo ni mo ń gbé. Ìsinmi kò bá mi lára mu rárá. N kò lè ka ìwé ìròyìn kan tán kí n má dìde rìn yí ọgbà ká. Ọmọ àbúrò mi, tí ó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Dàda Estate, ló rí mi bẹ́ẹ̀ tí ó kọ́ mi bí a ti ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ API. Ẹgbẹ́ kan tí ó ń yẹ omi wò ló ni èyí tí a lò: gbogbo èsì àyẹ̀wò wọn wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tiwa á béèrè, tiwọn á dáhùn. A ó kọ àdírẹ́sì, a ó fi àmì ìbéèrè tì í, lẹ́yìn náà ni a ó wá to ohun tí a fẹ́ gan-an tẹ̀lé ara wọn: orúkọ abúlé, orúkọ kànga, ọjọ́ tí a fẹ́ kí àyẹ̀wò náà ti bẹ̀rẹ̀. Pàrámítà ni wọ́n ń pe àwọn àlàyé wọ̀nyí.

“Bàbá, ẹ má gbàgbé ọjọ́ o,” ó wí. “Bí ẹ ò bá fi ọjọ́ sí i, èsì tó pẹ́ jù lọ ló máa gbé wá fún yín.”

Mo rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, bí ènìyàn bá bi mí bí ara ìyàwó mi ti rí, ti òní ni n ó sọ, n kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí mo gbé e. Mo gbà pé ẹ̀rọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ́ yóò ní làákàyè tó bẹ́ẹ̀. Mo kọ orúkọ abúlé, mo kọ Kànga Ìyá Àgbà, mo fi ọjọ́ sílẹ̀. Èsì dé pé omi náà dára. Ní ọjọ́ Àìkú, mo wọ agbádá lọ sí ìpàdé abúlé, mo sì kéde rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí mo fi máa ń ka orúkọ àwọn tó gbégbá orókè nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Kànga tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n padà sídìí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́bọ̀ ni ọmọ àbúrò mi yà kí mi, tí ó gba fóònù mi wò.

“Bàbá, nígbà wo ni wọ́n gbẹ́ kànga yìí? Àyẹ̀wò tí ẹ kà fún wọn ti pẹ́ gan-an o.”

Ìgbà náà ni mo rántí àṣà wa kan. Ní abúlé wa, bí kànga bá dí tí wọ́n sì gbẹ́ òmíràn, orúkọ ẹni tó gbẹ́ ti àkọ́kọ́ ni wọ́n tún fi ń pè é, kí orúkọ náà má bàa parun. Kànga Ìyá Àgbà àtijọ́ wà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, wọ́n ti dí i pa. Ti ìsinsìnyí wà nísàlẹ̀, lọ́dọ̀ kòtò góòlù. Nínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ yẹn, orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Ọjọ́ nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ àbúrò mi fi ọjọ́ sí ìbéèrè mi, ó sì tún un rán. Òjé, májèlé tí wíwa góòlù ń tú sómi, ló kún inú omi náà.

Mo pe olórí àwọn obìnrin abúlé títí, fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo sáré dé gáréèjì. Mo wọ mọ́tò, mo bọ́ sílẹ̀, mo tún wọ̀ ọ́.

“Bàbá, ẹ jókòó jẹ́jẹ́,” awakọ̀ wí. “Èèyàn méjì péré ló kù.”

“Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń mu òjé, ìwọ ń ka èrò!”

“Òjé kẹ̀? Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Lábúlé, mo bá ìyá ọlọ́mọ kan níwájú ilé àkọ́kọ́, ó ń po ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ rẹ̀. Mo kígbe láti ọ̀nà pé kó má fún un. Àwọn obìnrin rọ́ jáde, olórí wọn ló ṣáájú.

“Tíṣà, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní ká máa mu ún?”

“Èmi ni.”

“Ẹ ò wọ agbádá wá lónìí. Àbí irọ́ nìkan lẹ máa ń wọ̀ ọ́ fún?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo na fóònù sí wọn. Mo yọ ọjọ́ kúrò, ẹ̀rọ ní omi dára. Mo dá a padà, ó ní kò dára. Ìyá ọlọ́mọ tẹjú mọ́ ọn.

“Ẹ̀rọ yìí ń parọ́ nìyẹn.”

“Kò parọ́. Èmi ni n kò béèrè tán.”

Ìyá ọlọ́mọ da ẹ̀kọ náà nù. “Láti ọjọ́ Àìkú lọmọ yìí ti ń mu ún, Tíṣà,” ó wí jẹ́jẹ́.

A gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ní Iléṣà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Títí tí èsì fi dé, n kò jókòó jẹun. Nígbà tí ìyá rẹ̀ pè mí, ó ní òjé náà kò tíì wọ ọmọ lára tó ohun tí yóò ṣe é ní jàǹbá. Kí n tó dúpẹ́ tán, ó fi kún un pé, “Láti òní lọ, èmi ni kí ẹ jẹ́ kí n máa béèrè. Ẹ kọ́ mi.”

Mo kọ́ ọ. Ó mọ ìgbà tí wọ́n gbẹ́ kànga kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ni ó sì máa ń kọ́kọ́ kọ. Bí mo bá rò ó nísinsìnyí, ẹ̀rọ kọ́ ni n kò mọ̀ dáadáa, ara mi ni. Mo ti pẹ́ jù láàárín àwọn tí ń bá mi parí ọ̀rọ̀ kí n tó sọ ọ́ tán, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìyàwó, àbúrò. Mo ti gbàgbé bí ènìyàn ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ òun rí. Ọjọ́ Jímọ̀ tí ó ṣáájú Iléyá ọdún tó kọjá ni mo fi gbogbo iṣẹ́ náà lé ìyá ọlọ́mọ yẹn lọ́wọ́.