Ìyá Fúlàní tó ń tọ́ wàrà wò

Ìyá Fúlàní tó ń gbé wàrà tútù wá sí agboolé wa kì í wọ̀n ọ́n fún ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mu. Á ní, "Ohun tí mi ò lè mu, mi ò ní tà á."

Àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ojú irin wọ Ìlọrin nígbà náà. Ìyàwó ilé ni mí, oyún mi ti yọ. Àáfà, bàbá ọkọ mi, nìkan ló ń mu wàrà. Èmi ni mò ń gbà á fún wọn. Mo máa ń mu níbẹ̀, n ó sì fi omi dí i.

Nígbà tí Àáfà ní omi pọ̀ jù, mo ní ìyá Fúlàní ló ń bù ú sí i. Wọ́n pè é. Ó tọ́ ti inú igbá Àáfà wò, ó wo ikùn mi, ó ní, "Ẹ má bínú, Àáfà. Omi wà níbẹ̀ lóòótọ́."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé igbá kékeré kan lé mi lọ́wọ́. "Tìẹ nìyí. Lọ́dọ̀ wa, a kì í fún wàrà lọ́mú màlúù tó lóyún. Ṣe la máa ń bọ́ ọ."

Mo mu ún tán. Mi ò jẹ́wọ́. Títí ó fi ṣíwọ́ wíwá, "Ìyá Olómi" ni gbogbo agboolé ń pè é. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀.