Búrẹ́dì Tí Mo Gbé Lọ sí Ìgàndo

Àwa mẹ́sàn-án la jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá nígbà náà. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń to èsì ìdánwò fún àwọn ilé ìwé la ń ṣe. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọ̀gá dá márùn-ún dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àwa tó kù yọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà wá. Mo wá ń dé ibi iṣẹ́ ṣáájú ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn. Bí ọ̀gá bá ti wúkọ́ báyìí, màá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kíbọọ̀dù kíkankíkan, bí n kò tilẹ̀ ní ohun tí mò ń kọ. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan o, ojú tún ń tì mí pé èmi tí mo kéré jù ni wọ́n fi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ètò náà dojú rú: ọmọ tó gbẹ́yìn ló ń pè ní ẹni àkọ́kọ́. Ọ̀gá ní kí n tún un ṣe kó tó di ọjọ́ Ajé. "Bí o ò bá lè ṣe é, á jẹ́ pé ẹni tí kò yẹ ni mo dá dúró."

Àǹtí tó kọ ètò náà, tó sì kọ́ mi níṣẹ́, wà lára àwọn tó lọ. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo ra búrẹ́dì ńlá kan, mo ti kọ̀ǹpútà bọ báàgì, mo forí lé ilé wọn ní Ìgàndo. Mo rò pé màá bá wọn lórí ibùsùn. Aṣọ ni wọ́n ń fọ̀, wọ́n ń kọrin. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Wọ́n wo búrẹ́dì, wọ́n wò mí. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà."

"Àbí ìwọ ni? Wò ó bí adìyẹ tí òjò pa! Èmi tí wọ́n lé ń sùn, ìwọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ń rù."

Mo ṣàlàyé bó ṣe ń dùn mí, àti pé ojoojúmọ́ ni mò ń nu àga wọn. Mo ṣàlàyé títí.

"Ó ti tó jàre. Kí ló wà nínú báàgì yẹn?"

Mo fa báàgì náà sẹ́yìn.

"Mú un jáde. Ipò àwọn ọmọ ló dorí kodò, àbí? Ṣebí mo ti sọ fún ọ̀gá yín kí n tó kúrò."

Wọn ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n ń sá aṣọ, wọ́n ń sọ ohun tí màá tẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́. Aṣọ ò tíì tán nínú bàsíà tí ètò náà fi ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá yìn mí lójú gbogbo wa. "Ẹ ṣé, sà" ni mo fẹ́ sọ. Ohun tó jáde ni, "Àǹtí tí ẹ dá dúró ló kọ́ mi, sà."

Ọ̀gá wúkọ́. N kò fọwọ́ kan kíbọọ̀dù.