Ìyá Onílé Mi àti Owó Fàdákà Oníjàpá

“Ṣé ó ṣeé jẹ?” Ohun tí ìyá onílé mi ní Mahintedo létí omi máa ń bèèrè nípa gbogbo nǹkan tuntun nìyẹn. Tíṣà tó ti Ìbàdàn wá ni èmi. Mo fi owó fàdákà kan hàn wọ́n, irú èyí tí àwọn èèyàn ń kó pamọ́ nítorí ẹwà rẹ̀. Àwòrán ìjàpá òkun wà lára rẹ̀. Ìyá yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: “Tíṣà, ìjàpá tí kò ṣeé sè!” Mo ṣàánú wọn pé wọn ò mọ ohun tó níyì.

Lọ́jọ́ tí ìjà àárín àwọn ìlú etí omi dé ọ̀dọ̀ wa, tí ìbọn ń dún, ìyá kó èmi àti àwọn aládùúgbò sínú ọkọ̀ ojú omi wọn. Bí a ṣe fẹ́ ṣí ni mo bẹ́ sílẹ̀, mo sáré padà sílé. Àwọn yòókù ń pariwo pé kí ìyá fi mí sílẹ̀.

Ìyá ní, “Ẹ jẹ́ kó dé.”

Mo dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lójú àti owó fàdákà lọ́wọ́. Ìyá wò ó.

“Jókòó, kí o máa gbọ́n omi.”

Mo gbọ́n omi inú ọkọ̀ títí a fi dé Ode Mahin. Níbẹ̀ ni ìyá, tó fi gbogbo àwọ̀n ìpẹja wọn sílẹ̀ sílé, ti fa àpò ọ̀rá kan yọ nínú ìró wọn. Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ mi ló wà nínú rẹ̀. Èmi ò tilẹ̀ rántí rẹ̀.

“O ti bẹ́ sílẹ̀ kí n tó sọ pé mo ti bá ọ mú un.”

Ojú tì mí débi pé mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ti gúnlẹ̀.