Ẹni Tó Kọ́kọ́ Kígbe

Ojú mi báyìí ló ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà, mi ò sì wá ẹlẹ́rìí. Ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ náà, bí mo bá nawọ́, màá fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá pàdé ẹnikẹ́ni ní Inísà tó ń rò ó lọ́nà mìíràn, ẹ bi í pé ibo ló wà nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ ni yóò máa wò.

Ohun tó gbé e wá sí mi lọ́kàn kò tó nǹkan. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jókòó sẹ́yìn géètì kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkìrun. Bẹ́ẹ̀ ni o, èmi ni wẹ́dà tó jó èyí tó pọ̀ jù nínú géètì tí ẹ ń rí láti ibí dé Òkukù, ẹ béèrè wò. Wọ́n ń gbọ́ ìtàn ọ̀daràn kan lórí fóònù, irú èyí tí wọ́n máa ń pa ènìyàn níbẹ̀rẹ̀ tí wọn kì í sọ ẹni tó ṣe é títí di ìparí. Ìtàn ò tíì dé ìdajì tí ọ̀kan nínú wọn fi lu itan rẹ̀: "Mo ti mú un! Ẹni tó lọ pe ọlọ́pàá yẹn gan-an ni!" Àwọn yòókù ní òótọ́ ni, òótọ́ ni. Àyà mi já. Mo pa iná iṣẹ́, mo lọ jókòó síta. Wọ́n rò pé ebi ló ń pa mí.

Ìwé kẹrin ni mo ti kúrò nílé ìwé, mi ò fi bò. Ṣùgbọ́n tó bá di ti ìtàn ọ̀daràn, kò sí ẹni tó lè bá mi du ipò ní gbogbo agbègbè yìí. Kí ẹlòmíràn tó mọ ẹni tí wọ́n pa, mo ti fura sí ẹni tó bu májèlé sọ́bẹ̀. Ẹ̀bùn ni. Inísà ni mo ti gbà á, nígbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, nínú ilé tó kọjú sí ojú irin. Nígbà náà, tí rélùwéè bá ń kọjá, abọ́ á máa jó lórí pẹpẹ, àwa ọmọdé á sì máa sá tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù Bùrọ̀dá Gbádé wà, tẹ́lọ̀ tó tín-ín-rín bí okùn ìwọnṣọ tó fi kọ́rùn. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ṣadé, máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa gán bọ́tìnì mọ́ aṣọ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bùrọ̀dá Gbádé ra ìwé kan lọ́jà Ìkìrun lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sórí ọ̀rá. Èèpo rẹ̀ ti ya dànù, a ò mọ orúkọ rẹ̀, a ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ó ń rùn bí àpótí àgbà. Láti ọjọ́ tó ti ra ìwé yìí ni ìgbádùn wọ àdúgbò wa.

Bí àwọn Mùsùlùmí bá ti kírun Aláàsárì tán, gbogbo wa á rọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn obìnrin á ní aṣọ àwọn làwọn wá wò. Irọ́ ni, ìwé ni wọ́n wá gbọ́. Jìnádù Alápatà á dé láti odò ẹran, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí ohùn rẹ̀ ń lé ajá, á jókòó sórí àga tó dára jù. Làmídì agbẹ́kànga á jókòó sílẹ̀, ẹrẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìlú Ìbà ló ti wá, ó ti pẹ́ tó ti ń gbé láàárín wa, kò sì sí ìdílé tí kò mu omi kànga tó gbẹ́. Ọmọ rẹ̀, Kámọ́rù, ni ọ̀rẹ́ mi. A jọ ń jẹun nínú abọ́ kan ni, tó bá lu ẹnìkan, èmi náà á lu ẹni náà, mi ò ní béèrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ ìwé kíkà. Bùrọ̀dá Gbádé kì í ka ìwé bí ẹni ń ka Bíbélì nílé ìjọsìn. Bó bá dé ibi tí apànìyàn ń yọ́ bọ̀, á fi ẹsẹ̀ tẹ máṣìn ìránṣọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò ní fi aṣọ sí i, irin á máa dún wúyẹ́, wúyẹ́, bí ẹsẹ̀ ènìyàn lórí ewé gbígbẹ. Bó bá dé ibi tí ọ̀bẹ wọlé, á mú àlùmọ́gàjí ńlá, á fi gé afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kẹ́ṣẹ́! Àwọn obìnrin á di ọrùn ara wọn mú. Ẹ̀rù yẹn dùn. Ó dùn ju ẹran lọ. Ènìyàn á délé, kò ní lè lọ sí balùwẹ̀ lóun nìkan, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa gbàdúrà kí ọ̀la tètè mọ́.

Oníkòkó kan ni wọ́n pa nínú ìwé náà, nínú ìlú kékeré kan tó jọ tiwa bí ìbejì. Inú balùwẹ̀ ni wọ́n ti bá a, okùn ṣòkòtò ara rẹ̀ ni wọ́n fi fún un lọ́rùn, ọṣẹ ṣì ń hó lójú rẹ̀. Ìránṣẹ́ rẹ̀ ló rí i tó sì figbe ta. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan wá dé, ó sanra, orí rẹ̀ pá, ó wò yíká, ó ní: "Ẹni tó kọ́kọ́ kígbe, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ẹni tó jẹ̀bi kì í lè dákẹ́."

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lára. Jìnádù fẹsẹ̀ janlẹ̀: "Àbí ẹ ò rí i? Mo ti sọ ọ́!" Kò sọ nǹkan kan rí. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di òwe ní àdúgbò. Bí ẹran bá sọ nù nínú ìkòkò, tí ọmọ kan bá ní, "Ìyá, ẹran mi dà?" ìyá á gbá a létí: "Ẹni tó kọ́kọ́ kígbe!" Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Èmi kọ́ ni mo jẹ ẹ́, mo sì gba ìgbátí.

Òfin kan ṣoṣo ni Bùrọ̀dá Gbádé ṣe: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí iwájú wò. "Ẹni bá yọjú wo òpin ti tutọ́ sọ́bẹ̀ gbogbo wa." Bó bá ti kà á tán fún ọjọ́ náà, á ti ìwé mọ́ inú àpótí máṣìn, á so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Ṣùgbọ́n ta ló wà pẹ̀lú ọkùnrin nígbà tó bá bọ́ aṣọ?

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọjọ́ ọjà Òkukù ni. A ti ka ìwé dé ibi tí wọ́n ti fa òkú kejì jáde látinú kànga, ikùn rẹ̀ ti wú, okùn ìfami ló wà lọ́rùn rẹ̀. Bùrọ̀dá Gbádé ṣẹ̀ṣẹ̀ mú àlùmọ́gàjí sókè ni a gbọ́ igbe láti ojú irin. "Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wo nǹkan tí wọ́n ṣe fún Ìyá Aláṣọ!"

Làmídì ló ń bọ̀. Ó gbé Ìyá Aláṣọ pọ̀n bí ọmọdé, obìnrin tó ń ta àǹkárá, tó jẹ́ pé bó bá sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì Òkukù, ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ojú irin ló máa ń gbà wálé. Wọ́n ti là á lórí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣàn kọjá èjìká Làmídì dé ìbàdí. Ẹrù aṣọ rẹ̀ ti lọ. Àwọn obìnrin gbà á, wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Làmídì dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń fi ọwọ́ nu ojú, ẹ̀jẹ̀ sì ń kun ojú rẹ̀ sí i.

Jìnádù dìde lórí àga. "Làmídì, ta ló kọ́kọ́ rí i?"

"Èmi ni."

"Ta ló kọ́kọ́ kígbe?"

"Èmi náà ni, Alápatà." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n kí òun kú iṣẹ́.

Jìnádù yíjú sí wa. "Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mi ò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ kó yé yín. Àwọn tó ń mu omi kànga ọkùnrin yìí ni. Wọn ò béèrè ohun mìíràn. Jìnádù fa igi tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yọ, ó là á mọ́ Làmídì lórúnkún, mo gbọ́ bó ṣe dún. Nígbà tó wólẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ bò ó. Ẹnìkan ń lo òkúta. Ẹnìkan fi bàtà tẹ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yí i bí ẹni ń pa eèrà. Kò bẹ̀bẹ̀. Ohun tó ń wí ni, "Mo gbé e wá ni, mo gbé e wá ni," títí ẹnu rẹ̀ fi kún fún iyẹ̀pẹ̀.

Kámọ́rù kó sí wọn láàárín, ó ki eyín bọ Jìnádù nítan. Wọ́n gbá a sọnù. Èmi náà kó sí i, ẹnìkan ò rán mi, mo so mọ́ apá ọkùnrin kan títí ó fi fi mí lu ògiri. Àpá rẹ̀ nìyí lókè ojú mi. Ẹni tí kò bá ní àpá lọ́jọ́ yẹn kò jà.

Ẹnìkan ti yí táyà dé. Òmíràn ti gbé gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì, ó ń tú ìdérí.

Nígbà náà ni Ìyá Ṣadé pariwo. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀! Ó sáré jáde, ó na ìwé náà sókè. "Ẹ dúró! Kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ kígbe! Kì í ṣe òun! Mo ti kà á dé òpin!"

Gbogbo ọwọ́ dúró lókè. Ó yà mí lẹ́nu títí dòní pé ìyẹn ni wọ́n gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ ò dá wọn dúró, ẹkún Kámọ́rù ò dá wọn dúró.

Bùrọ̀dá Gbádé ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Ìyá Ṣadé, o kà á dé ibo?"

"Dé òpin, bàbá Ṣadé. Ẹ má bínú."

"Láti ìgbà wo?"

Ẹni tó gbé kẹrosíìnì lọ́wọ́ dá wọn lẹ́kun. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó sọ ọ́. Ta wá ló pa oníkòkó?"

Ìyá Ṣadé fi ìwé mọ́ àyà. Mo gbà pé kò ronú kó tó dáhùn, ó kàn fẹ́ gba ẹ̀mí ẹni tó wà nílẹ̀ là ni. Ó ní, "Ẹni tó kó àwọn ènìyàn lẹ́yìn, tó ń wá apànìyàn kiri. Òun gan-an ni."

Orí gbogbo wọn yí lẹ́ẹ̀kan náà. Jìnádù ló dúró síwájú, igi lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ lára igi. Ó jù ú sílẹ̀ bí ẹni tó di irin gbígbóná mú.

"Ẹ̀yin ará ilé, ìwé ni o! Ìwé lásán ni!"

"Ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ìwé ni?" obìnrin kan fèsì.

Igi kan náà ni wọ́n fi lù ú. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí òkúta, ọwọ́ tó fi ń pa màlúù, wọ́n sì fọ́ ọ níka níka. Làmídì, tí ojú rẹ̀ kan ti di ẹran tútù, gbé orí sókè nínú iyẹ̀pẹ̀, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Ìyá Aláṣọ jí ná." Wọ́n ń lu Jìnádù nìṣó. Nígbà tí apá rọ̀ wọ́n, tí wọn ò tún rí ẹlòmíràn lù, wọ́n yí sí ìwé. Wọ́n ní òun ló fa wàhálà. Kẹrosíìnì tí wọ́n gbé wá, orí ìwé ni wọ́n dà á sí, láàárín ṣọ́ọ̀bù. Máṣìn bá a jóná.

Ìyá Aláṣọ lajú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní àwọn ọmọkùnrin méjì tóun ò rí rí ló tẹ̀ lé òun láti Òkukù, irin ni wọ́n fi lu òun. Ó wá béèrè pé, "Làmídì dà? Ẹ bá mi kí i o, òun ni Ọlọ́run rán sí mi." Àwọn tó wà níbẹ̀ ń wo ìka ẹsẹ̀ wọn. Wọn ò rí àwọn méjì náà mú títí dòní.

Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Làmídì ti kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ìbà. Kámọ́rù jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, kò juwọ́ sí mi. Mo ti wá a dé Ìbà nígbà tí mo dàgbà, wọ́n ní ó ti lọ sí Òkè Ọya, wọn ò mọ ibi tó wà. Kànga tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ ṣì wà ní Inísà, omi rẹ̀ ṣì tutù.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Rélùwéè kì í dúró mọ́, koríko ti bo ojú irin, kò sì sí ẹni tó ń kàwé sókè fún àdúgbò. Ohun tí kò yí padà ni bí ìtàn ọ̀daràn ṣe ń dùn mọ́ mi. Mo ń rà wọ́n, mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan, ọkàn mi á sì máa lù kìkì. Ẹni tí mo bá fura sí, inú mi ni mo ń fi í sí títí màá fi parí rẹ̀. Bí ènìyàn ṣe ń tètè mọ ọ̀daràn, ìyẹn náà kò yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín bó ṣe rí. Ojú Làmídì kan. Ọwọ́ ọ̀tún Jìnádù. Máṣìn ìránṣọ kan, ìwé kan. Ẹrù àǹkárá kan tí a ò rí mọ́. Ọ̀rẹ́ kan. Èèyàn kankan ò kú.