Erùpẹ̀ Yàrá Iwájú

Òwúrọ̀ ọyẹ́ ni, amọ̀ náà sì tutù débi pé eyín mi ń gbá keke. Ó ti mù mí dé orúnkún. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wà nínú kòtò pẹ̀lú wa, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó ń fi gìgísẹ̀ tẹ amọ̀ bí ẹni tó ń bá a jà. Òórùn koríko tó ti rà sínú omi gba gbogbo àgbàlá. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè lọ́ọ̀ọ́kán, àwa ọmọ dá ẹsẹ̀ dúró.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ ni?" ló bi wá. "Ẹ tẹ amọ̀, ó jàre."

Ìgbà ìjọba ológun ni, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn máa pe ara wọn ní kamarádì, ìyẹn ẹlẹgbẹ́. Wọ́n ń la gudurọ́ọ̀nù, ọ̀nà ọlọ́dà dúdú, gba Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú wa, kọjá, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri ilé wa. Yàrá iwájú ni ọ̀nà yóò gbé lọ. Inú yàrá yẹn gan-an ni wọ́n sin bàbá àgbà sí, bí wọ́n ti ń sin àgbà nígbà náà, ẹ̀gbẹ́ ibojì náà ni ìyá àgbà sì ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sí láti ọjọ́ tó ti di opó.

Délégé, ẹni tó ń ṣojú ìjọba ládùúgbò wa, ló wá sọ fún un. Ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ìlọsíwájú ló dé. Kí òjò tó múlẹ̀, katapílà á ti débí."

"Mi ò bínú," ni ìyá àgbà wí. "Ṣùgbọ́n bàbá ilé yìí ò ní sùn sábẹ́ ọkọ̀. Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀. Ilẹ̀ lásán ni wọ́n á bá."

Àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnù wá sílé nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun á ra símáà, ìyẹn sìmẹ́ǹtì, kí a fi bíríkì kọ́ yàrá tuntun sẹ́yìn àgbàlá, èyí tó bá ayé mu. Ní ti bàbá àgbà, ó ní kí a hú u lọ sí itẹ́ òkú. Ìyá àgbà wò ó títí ojú fi tì í.

"Ẹnikẹ́ni ò ní fi ọkọ́ kan bàbá yín. Ògiri tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ la ó wó, òun náà la ó tún pò. Símáà ò mọ bàbá yín rí. Bí o bá rà á, o ṣeun, a ó fi ṣe ilẹ̀ balùwẹ̀."

Nígbà tí a wó ògiri náà, ọmọ Kútọnù bọ́ bàtà, ó wọ kòtò.

Ògiri àtijọ́ kì í ṣòfò lọ́dọ̀ wa. A ó rẹ ẹ́ sómi, a ó po koríko mọ́ ọn, a ó sì mọ ọ́n ní ìpele-ìpele, kí ọ̀kan gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Ṣùgbọ́n kí a tó mọ ìpele àkọ́kọ́, ìyá àgbà kúnlẹ̀ sójú ibojì, ó fi ọwọ́ lásán họ erùpẹ̀ òkè rẹ̀ sínú igbá. "Ẹ dìde o," ló ń wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yìnkùlé la ń lọ." Ó dà á sínú amọ̀. Ìyẹn nìkan ni a ò fẹsẹ̀ tẹ̀, ọwọ́ ló fi pò ó.

Òjò àkọ́rọ̀ ká ìpele tó gbẹ̀yìn mọ́ ibi tó ti tutù. A sáré kó páànù bò ó, atẹ́gùn sì fẹ́ gbé e lọ. Ìyá àgbà gun àkàbà, ó fi gbogbo ara dùbúlẹ̀ lé páànù náà lórí. Ẹ̀rù bà mí, mo ń pariwo pé kó sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ̀ títí òjò fi dá, ògiri náà kò sì wó.

Katapílà dé, ilẹ̀ lásán ló bá. Nígbà tí wọ́n da ọ̀dà síbi tí yàrá náà wà, mo sunkún.

"Ta lò ń sunkún fún?" ni ìyá àgbà bi mí. "Ta ló kù síbẹ̀?"

Mo nífẹ̀ẹ́ ìyá yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ó ti pẹ́ tó kú, àmọ́ nígbà tí ọkọ tèmi náà kú, tí àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí n jáde nílé, òun ni mo rántí. Mi ò bá wọn jà. Mo kó àwọn ọmọ mi, mo bá ọ̀nà mi lọ. Ilé ni wọ́n gbà, ọkọ mi kò sí níbẹ̀ mọ́.