Ẹ̀gbẹ́ Tó Wúwo

Kí àìsàn tó gbé ọkọ alágbàfọ̀ ṣánlẹ̀, kò sí ẹni tó mọ táyà tó o ní gbogbo òpópónà wọn. Ọ̀gá Táyà ni wọ́n ń pè é. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lókèèrè, yóò ti sọ èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni rọpárọsẹ̀ mú un lápá òsì, láti ìgbà náà ló sì ti di ará orí àga ní ẹ̀yìnkùlé, tí ara rẹ̀ ń tẹ̀ sí òsì bí ilé tí òpó rẹ̀ kan ti jẹrà. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ, òun náà ló ń fi ìrọ̀rí há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì kó má baà ṣubú. Ẹnu nìkan ló kù tó ń bá Ọ̀gá Táyà ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, kò sì jẹ́ kó sinmi.

"Omi yìí gbóná. Ṣé adìẹ lo fẹ́ bó ìyẹ́ ẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá."

"Ó ti wá tutù jù báyìí. Ṣé òkú lò ń wẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú."

Aṣọ àwọn ará àdúgbò ni obìnrin náà ń fọ̀ jẹun. Ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀ ti darúgbó. Bó bá ń yí aṣọ láti fún omi wọn dànù, tí aṣọ bá wọ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́ún pọ́ún káàkiri ilẹ̀ bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já okùn. Alágbàfọ̀ á dá a dúró, á kó díẹ̀ nínú aṣọ náà lọ sí òdìkejì, wàhálà á sì parí. Ó ti ṣe é títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń ṣe é láìbi orí léèrè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kọ́kọ́ pè é lórí fóònù nítorí ìyá wọn, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìlú tó jìnnà.

"Àbúrò, Màmá ò lè jókòó mọ́. Ọkọ̀ èrò wo ló máa gba ẹni tó dùbúlẹ̀? Ọ̀dọ̀ ẹ ló ní kí n gbé òun wá. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí bóyá o ti ń bọ̀."

"Mò ń bọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ sọ fún un pé mò ń bọ̀."

Ọkọ̀ kan wà ní àgbàlá, ti Ọ̀gá Táyà ni. Obìnrin náà mọ̀ ọ́n wà dáadáa, ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ sì gba aláìsàn. Àmọ́ táyà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dán bí orí apárí. Nínú yàrá ẹrù, táyà tuntun mẹ́rin tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n pa ṣọ́ọ̀bù dé ṣì wà níbẹ̀. Obìnrin náà ní kí òun pe ọmọkùnrin tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà ní oríta kó wá bá wọn pààrọ̀ rẹ̀.

"Kí ọmọ àná wá fọwọ́ kan táyà mi, kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé mo ti kú tán?" ni ọkọ rẹ̀ wí. "Tó o bá pè é, má pè mí lọ́kọ mọ́." Ó tún ní, "Èmi fúnra mi á kọ́ ẹ."

Inú obìnrin náà dùn. Ó rò pé Ọlọ́run ti bá òun rọ ọkàn rẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó fi jáákì gbé ọkọ̀, ó tú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì jo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù. Ó fi pákó tẹ etí táyà ògbólógbòó, ó sì sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lé pákó náà títí táyà fi jáwọ́ lára rímù, irin àárín rẹ̀. Ó po ọṣẹ mọ́ omi, ó fi pa etí táyà tuntun, ó wá ń fi irin pẹlẹbẹ méjì yọ́ ọ wọlé díẹ̀díẹ̀.

"Fi ọṣẹ pa á dáadáa, alágbàfọ̀. Ọṣẹ nìkan kúkú ni ìwé tó o kà."

Nígbà tó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, etí táyà gé rímù jẹ, ó dún gbòà! Obìnrin náà fò sẹ́yìn, ó jókòó sínú omi ọṣẹ. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ lápá òsì. Obìnrin náà dìde, ó bá a nu itọ́ náà kó tó nu aṣọ ara rẹ̀.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe máa jẹ́ kí táyà náà wúwo dọ́gba. Ọ̀gá Táyà ní irin gbọọrọ kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Bí wọ́n bá fi táyà kọ́ ọ, á máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́ títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀.

"Kò sí táyà tó wúwo bákan náà yíká," ni ọkọ wí. "Tá ò bá lẹ òjé kéékèèké mọ́ rímù láti tún un ṣe, ọkọ̀ á máa gbọ̀n lórí eré. Ó ti dúró? Ibo ló wà nísàlẹ̀?"

"Ibí yìí."

"Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ibẹ̀ ni kó o lẹ òjé mọ́."

Obìnrin náà wò ó. "Ibi tó lọ sílẹ̀ náà?"

"Ẹni tó ṣubú là ń ràn lọ́wọ́. Àbí ẹni tó wà lórí ìdúró lo máa ń gbé dìde láràárọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ obìnrin yìí lára, nítorí ẹni tó ṣubú ló ń gbé lójoojúmọ́. Ó lẹ òjé mọ́ ọn. Ó tún un yí. Táyà náà sáré padà sí ojú àmì ṣọ́ọ̀kì bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè.

"Ó mà tètè padà síbẹ̀, Ọ̀gá."

"Ó ti mọ ilé ẹ̀ nìyẹn. Táyà tó bá mọ ilé ẹ̀ kì í ṣìnà."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó bẹ onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì pé kó máa bá òun bọ́ Ọ̀gá, ó sì gbéra. Nígbà tó dé ọ̀nà márosẹ̀, tó sì tẹ iná mọ́ ọkọ̀, ìtọ́kọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà lọ́wọ́ rẹ̀ bí àkùkọ tí wọ́n gbá mú. Ó ní kí òun rọra lọ, àmọ́ ọ̀nà márosẹ̀ kì í gba arọra: àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbé e mì. Ó yí padà.

"Ìyá Aláṣọ, ẹ tún ti dé?" ni onígbàjámọ̀ ké. "Ṣé ọkọ̀ yín ń jó ni, àbí òtútù ló ń mú un?"

"Òjé ò tó," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Fi kún un síbi tó wà."

Ó fi kún un. Lẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ gbé e sínú kòtò. Ó tún yí padà sílé.

"Táyà ò ṣe nǹkan kan, ọwọ́ ẹ ni kò dáa," ni Ọ̀gá Táyà wí. "Jókòó sílé ọkọ ẹ. Kì í ṣe gbogbo adìẹ ló ń fò."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún pè. "Màmá ní ká ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ o, pé òun ń gbọ́ ìró ọkọ̀ ẹ."

Kúbùsù oníbàárà kan ló là á lójú. Bí ẹ̀rọ ṣe ń yí kúbùsù náà, ó ń ta pọ́ún pọ́ún. Alágbàfọ̀ dá a dúró, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì ń wọ́ kúbùsù tútù náà lọ sí òdìkejì ibi tó wúwo. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójijì. Láti ojú fèrèsé, ó rí irin táyà ní ẹ̀yìnkùlé. Ó jáde pẹ̀lú ọwọ́ tó ń kán omi.

Ó tú ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó ṣí gbogbo òjé kúrò lára rẹ̀, ó kó wọn sínú àpò kékeré kan. Ó gbé táyà kọ́ irin, ó yí i. Ẹ̀gbẹ́ tó wúwo wá sísàlẹ̀. Ó mú òjé kan, òkè ló lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó tún un yí. Táyà náà yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó dúró síbi tó wù ú. Ó tún un yí, ó dúró síbòmíràn. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó láti orí àga. 

"Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀," ni obìnrin náà wí.

"Bí ìyá ẹ bá wọlé síbí, ta lo máa kọ́kọ́ wẹ̀ láàárọ̀?"

Obìnrin náà padà sídìí irin táyà. Ó ṣe àwọn táyà yòókù, ó dè wọ́n mọ́ ọkọ̀, ó gbé ìrọ̀rí ọkọ rẹ̀ sí ààyè rẹ̀, ó sì lọ.

Ọkọ̀ náà ń yọ́ lọ bí omi lórí ewé kókò. Ìtọ́kọ̀ sùn sí i lọ́wọ́ bí ọmọ ìkókó. Kò sí ibi tó ti gbọ̀n rárá, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Ilẹ̀kùn ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó di orí mú.

"O pẹ́, Àbúrò."

Obìnrin náà wo inú yàrá láti ẹnu ọ̀nà. "Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Àwọn obìnrin àdúgbò. Omi náà tutù díẹ̀." Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Kò kúkú rojọ́."

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó padà sílé. Ọ̀gá Táyà ti ń dúró dè é.

"Ebi ń pa mí. Onígbàjámọ̀ yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ènìyàn, ṣe ló ń fi ṣíbí gbẹ́ mi lẹ́nu."

"Ẹ kú ìjókòó, Ọ̀gá."

Ó bọ́ ọ yó. Ó fi omi tí kò gbóná tí kò tutù wẹ̀ ẹ́. Ó wọ aṣọ fífọ̀ fún un, ó sì gbé e sórí àga rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó wá yọ ìrọ̀rí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ara ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Obìnrin náà mú àpò òjé tó ṣẹ́kù, ó rọra tì í bọ inú àpò aṣọ ọkọ rẹ̀ lápá òsì. Ara ọ̀hún tẹ̀ sí i, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi kan apá àga.

"Kí lò ń ṣe? Kí lò ń ṣe fún mi?"

"Ẹni tó ṣubú là ń ràn lọ́wọ́."

Ó wọlé lọ, aṣọ àwọn oníbàárà ti pọ̀ dè é. Ó kó wọn sínú ẹ̀rọ. Láti ẹ̀yìnkùlé, ohùn kan tó ti há mọ́ apá àga ń pe ohun tí kò pe obìnrin náà rí láti ìgbà tí àìsàn ti dé:

"Ìyàwó mi! Ìyàwó mi o!"

Ó gbọ́. Ó kó díẹ̀ nínú aṣọ náà lọ sí òdìkejì, ó sì pa ìdérí ẹ̀rọ dé.